Owó Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́ àti Pápá Harvard

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa pápá ìṣeré, nítorí owó tí a ń dá jọ. Oníròyìn ni mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń po kọnkéré. Ìtàn ni mo gbé wá.

Ní Yunifásítì Harvard, l'Amẹ́ríkà, àwọn tó jáde ní 1879 ló dá 100,000 dọ́là láti fi kọ́ pápá bọ́ọ̀lù, fún àjọyọ̀ ọdún 25 tí wọ́n jáde. (Bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré ni o.) Owó náà ò tó, nǹkan bí 310,000 dọ́là ni iṣẹ́ náà jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹgbẹ́ ọdún kan ṣoṣo ló gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta!

Orí pákó ni òǹwòran ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Pákó a máa jẹrà, a sì máa gbiná. Wọ́n wá lo kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀, ohun tuntun sì ni nígbà yẹn fún irú ilé ńlá bẹ́ẹ̀. Ní November 1903 ni wọ́n ṣí i. Dartmouth wá nà wọ́n 11–0 lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má rẹ́rìn-ín jù, ó ti ṣe àwa náà rí.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi dé. Eré náà ń pa àwọn ọmọ lára, ó tiẹ̀ ń pa àwọn kan kú, àwọn kan sì dábàá pé kí wọ́n fẹ pápá sí i. Ti Harvard ò ṣeé fẹ̀, kọnkéré ti há a mọ́. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí wọ́n fàyè gba jíju bọ́ọ̀lù síwájú ní 1906.

Ní 1910, wọ́n to òpó yí òkè rẹ̀ ká. Ní 1929, wọ́n fi ìjókòó onírin dí ẹ̀gbẹ́ tó ṣí sílẹ̀. Àyè wá lé ní 57,000. Lẹ́yìn 1951, wọ́n tú irin yẹn kúrò. Àyè ibẹ̀ wá dín kù. Kọnkéré 1903 ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn kan láàárín wa fẹ́ ká yí pápá wa po lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ẹ̀gbẹ́ kan dáadáa, ká sì fi àyè sílẹ̀ létí pápá fún àwọn àbúrò wa. Akápò wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú rìsíìtì; ẹ jọ̀ọ́, ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ jẹun.