Mesquite ni àbí St. George?
Àwa mẹ́jọ fẹ́ lọ gbá gọ́ọ̀fù ní aṣálẹ̀ Amẹ́ríkà lóṣù Kejì. Mesquite ní Nevada àbí St. George ní Utah? Bíi máìlì 40 ló wà láàárín wọn.

Mesquite ni mo kọ́kọ́ mú. Òtútù ibẹ̀ kò tó ti St. George, ibẹ̀ náà sì ni Wolf Creek wà, pápá tí mo ti ń gbá nínú géèmù Tiger Woods láti kékeré. Àmọ́ kasínò wà nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá ibẹ̀, ọ̀kan nínú wa sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Òfin Utah kò gba tẹ́tẹ́ rárá.

St. George la ó sùn. A ó wakọ̀ lọ Wolf Creek láàárọ̀ ọjọ́ kan, ká gbá a tán, ká padà. Aago Nevada fi wákàtí kan wà lẹ́yìn ti Utah, ìyẹn á gba àwọn apẹ́lẹ́yìn wa.