Owó Orí Tí Wọ́n Yọ Lówó Oṣù Yín: Ìgbà Wo Ni Ìwé Rẹ̀ Ń Jáde?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ní Ọ̀tà, ní Sango àti lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, bí ọdún bá ti yí, ìbéèrè kan náà ló ń wá: "Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó orí mi. Ìgbà wo ni wọ́n máa fún mi ní ìwé rẹ̀?"

Àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà ń gba W-2 nígbà tí oṣù Kìíní bá fi máa parí. Àwọn ti ìlú Ọba ń gba P60, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún. Tiwa yàtọ̀. Òfin ní kí agbanisíṣẹ́ kọ orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́, iye tó san fún wọn àti owó orí tó yọ lọ́dún tó kọjá, kó sì kó o fún ìjọba, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 31 oṣù Kìíní. Form H1 ni ọ́fíìsì ń pè é. Ọ̀rọ̀ agbanisíṣẹ́ àti ìjọba ni gbèdéke yẹn o. Ẹ má jókòó máa retí ìwé. Ẹ lọ béèrè. Tí oṣù Kejì bá ti wọlé, ẹ sọ fún HR pé kí wọ́n fi ibi tí orúkọ yín wà nínú H1 hàn yín, kí ẹ fi wé payslip oṣù méjìlá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe kásúà lábẹ́ kọngílá, ẹni tó ń sanwó yín gan-an ni kí ẹ bi.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí. Bí wọ́n bá yọ owó tí wọn ò san án síjọba, agbanisíṣẹ́ ló jẹ gbèsè, àmọ́ òṣìṣẹ́ ni ojú ń tì lọ́jọ́ tó bá fẹ́ gba tax clearance tí wọn ò rí nǹkan kan lórúkọ rẹ̀. Oṣooṣù ló yẹ kí owó náà wọlé, kó tó kọjá ọjọ́ 10 oṣù tó tẹ̀ lé e.

Ibi tí ẹ ń gbé ló ń sọ ìpínlẹ̀ tó ni owó orí yín. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà tó ń sùn ní Abúlé-Ẹ̀gbá, Èkó ló ni tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé Sango, OGIRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ló ni tirẹ̀. Ẹ wo àdírẹ́sì yín lọ́wọ́ HR dáadáa.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026, òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. Ìdá 15 nínú 100 ni ti ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń gba owó oṣù tí kò ju ti òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ, ìyẹn ₦70,000, kì í san. Wọ́n tún ń yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ.

Ká ní ẹ ń gba ₦100,000 lóṣù, tí wọ́n ń yọ ìdá 8 nínú 100 rẹ̀ fún pẹ́ńṣàn, tí owó ilé yín sì jẹ́ ₦300,000 lọ́dún. ₦36,600 ni owó orí yín lọ́dún. Bí ẹ kò bá mú ẹ̀rí owó ilé wá, á di ₦45,600. Torí náà, ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù, kí ẹ sì mú ẹ̀dà rẹ̀ fún HR.

Ẹ̀yin fúnra yín náà ní ìwé tí ẹ máa kó fún ìjọba, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Payslip yín àti ohun tó wà nínú H1 lẹ máa fi kọ ọ́.