Ìrànlọ́wọ́ Àkọ́kọ́ fún Ẹni tí Ikùn Rẹ̀ Wà nínú Ewu

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, àánú tí kò ní ìmọ̀ nínú lè pa aláìsàn. Bí inú rírun bá bẹ̀rẹ̀ ní ìdodo, tí ó sì sọ̀ sí ìsàlẹ̀ ikùn lápá ọ̀tún, ó lè jẹ́ àpẹ́ńdíìsì ni ó wú. Àgbo tàbí oògùn tí ń múni yàgbẹ́ lè mú kí ó bẹ́ sínú.

Bí ọ̀bẹ bá gún ikùn, ẹ má ṣe fà á yọ. Bí ìfun bá yọ síta, ẹ má ṣe tì í padà. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a fi omi mímọ́ rin bò ó. Kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó ká orúnkún sókè. Bí ó tilẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún omi, ẹ má ṣe fún un, nítorí ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn láìjáfara.