Géèmù Orí Ẹ̀rọ àti Ìlera Àwọn Ọmọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ayẹyẹ ìkówójọ fún gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa ní ìlú Jọ́ọ̀sì

  

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí àwa oníṣòwò wá sọ̀rọ̀ lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ọjà ni a ó sọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní, ìlera ni oògùn ọrọ̀. Àwọn ọmọ tí a ń tìtorí wọn ṣòwò ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá géèmù tí wọ́n ń gbá lórí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n. A kì í ṣe dókítà, ìwé kẹfà ni a kà mọ. Ṣùgbọ́n a béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó mọ̀, ojú tiwa náà sì ń rí ohun tí ń lọ.

BÍ Ó ṢE DÉ ỌWỌ́ ÀWỌN ỌMỌ WA

Eré yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé. Ní 1972 ni ilé-iṣẹ́ Atari ní Amẹ́ríkà gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Pong jáde: igi méjì tí ń gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan síra wọn lójú ẹ̀rọ. Ní 1994 ni PlayStation jáde ní Jàpáàn. Lónìí, kò sí àdúgbò tí kò ní ṣọ́ọ̀bù géèmù, fóònù tí a fi ń pe oníbàárà sì ti di pápá ìṣeré fún ọmọ.

Nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà àti ní ibi gbogbo tí a ti wá, agbo ilé ni ọmọ ti ń ṣeré. Bí ìyá bá lọ sọ́jà, ìyá àgbà ń bẹ nílé. Bí ìyá àgbà bá sùn, ìyàwó ilé ń bẹ ní ẹ̀yìnkùlé. Níhìn-ín, yàrá méjì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé. Láti ìgbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí ní oṣù kẹsàn-án 2001, tí òmíràn sì tún ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2008, àwọn òbí kì í fẹ́ kí ọmọ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Bàbá ń bẹ lọ́jà, ìyá ń bẹ lọ́jà, ilẹ̀kùn wà ní títì. Fóònù ló wá di ìyá àgbà fún ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ.

RERE TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Oníṣòwò tí ó bá ń bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà ẹlòmíràn láìyẹ̀ ẹ́ wò, òpùrọ́ ni. Géèmù ní rere tirẹ̀. Ní 2007, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà nípa àwọn dókítà 33 tí ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ abẹ tí a ń fi ẹ̀rọ ayàwòrán kékeré ṣe. Àwọn tí wọ́n ti gbá géèmù rí ju wákàtí mẹ́ta lọ lọ́sẹ̀ yára ju àwọn tí kò gbá a rí lọ, àṣìṣe tiwọn sì fi ìdá 37 nínú 100 dín sí ti àwọn ìyókù. Ní 2020, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí géèmù kan tí dókítà lè kọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ sí méjìlá tí ọkàn rẹ̀ kì í pa pọ̀ sójú kan. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé èṣù ni géèmù. Iyọ̀ dára nínú ọbẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni ń fi mudu bu iyọ̀ sí ìkòkò?

NÍ TI ARA

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú. Ẹni tí ó tẹjú mọ́ ẹ̀rọ kì í ṣẹ́jú tó bí ó ti yẹ. Ojú á gbẹ, á máa ta ènìyàn, orí á sì máa fọ́. Ọmọ tí kì í jáde sí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán tún lè di ẹni tí kì í rí ọ̀ọ́kán. Ìmọ̀ràn àwọn dókítà ojú rọrùn: lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, kí ọmọ gbójú sókè, kí ó wo ohun tí ó tó ogún ẹsẹ̀ bàtà sí i, kí ó wò ó fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá. Ọmọ tí ó bá ní wárápá tún nílò ìṣọ́ra, nítorí iná tí ń ṣẹ́ pàràpàrà nínú géèmù lè gbé e dìde fún àwọn mìíràn nínú wọn.

Lẹ́yìn ojú, ọrùn ló kàn, nítorí títẹ̀ ni ọmọ ń tẹ̀ ẹ́ wo fóònù. Àtàǹpàkò àti ọrùn ọwọ́ náà á máa ro ó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́tàdínlógún yẹ kí ó máa fi ara ṣe eré tí ń mú kí ó mí hẹlẹhẹlẹ fún wákàtí kan lójúmọ́. Ọmọ tí àtàǹpàkò nìkan ń sáré lára rẹ̀ kò tí ì sáré.

Oorun ni olórí gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí méjìlá nílò oorun wákàtí mẹ́sàn-án sí méjìlá. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n wà láàárín ọdún mẹ́tàlá sí méjìdínlógún nílò wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ kò tí ì ṣú. Géèmù fúnra rẹ̀ sì ń mú àyà lù kìkì, bí ẹni tí ajá ń lé. Báwo ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe sùn? Bí ó bá dé kíláàsì lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ á ní olódo ni. Kì í ṣe olódo o, oorun ló ń kùn ún.

Ọ̀kan tún wà tí ó kan ìlú òtútù bíi tiwa. Nígbà ọyẹ́, àwọn onígéèmù a máa ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé pa, jẹnẹrétọ̀ a sì máa ké lẹ́bàá ògiri. Nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí kò ní òórùn, tí ojú kò sì lè rí. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ ènìyàn, èébì á máa gbé e, lẹ́yìn náà ó lè sùn kí ó má jí mọ́. Ẹ wo ibi tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ sí kí ẹ tó jẹ́ kí ọmọ yín wọlé.

NÍ TI ỌKÀN

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún ohun tí ènìyàn ń ṣe tí kò lè fi sílẹ̀ mọ́: bárakú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi bárakú géèmù sínú ìwé àìsàn wọn. Wọ́n fọwọ́ sí i ní 2019, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Àmì mẹ́ta ni wọ́n ní kí á wò. Èkíní, ọmọ kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu mọ́. Èkejì, géèmù ti ṣíwájú oúnjẹ, ẹ̀kọ́ àti ọ̀rẹ́. Ẹ̀kẹta, ó ń rí ìpalára rẹ̀, síbẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Bí èyí bá tó ọdún kan, àìsàn ni, kì í ṣe oríkunkun. Ọmọ tí ń gbá géèmù pọ̀, díẹ̀ nínú wọn ni ó ń dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ní 2005, ọkùnrin ẹni ọdún 28 kan ní Gúúsù Korea gbá géèmù fún nǹkan bí wákàtí 50 láìsinmi tó, ọkàn rẹ̀ sì dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, kì í ṣe géèmù ló ba ọmọ nínú jẹ́. Ọmọ tí inú rẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ló sá pamọ́ sínú géèmù. Wọ́n lè máa fi í ṣẹ̀sín nílé-ìwé pé àlejò ni. Ó lè jẹ́ pé kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Bí a bá já fóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kò sì béèrè ohun tí ń dùn ún, ewé la já, gbòǹgbò ṣì wà nílẹ̀.

KÍ NI ṢÍṢE?

Àwọn ìlú mìíràn ti fi òfin gbìyànjú. Ní 2011, Gúúsù Korea ní ọmọ tí kò tó ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ gbá géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì láti agogo méjìlá òru sí mẹ́fà àárọ̀. Nígbà tí ó di 2022, wọ́n pa òfin náà tì, wọ́n ní kí òbí àti ọmọ jọ ṣètò àkókò. Ní 2021, ìjọba Ṣáínà fi ti àwọn ọmọ tí kò tó ọdún 18 sí wákàtí kan péré ní alẹ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta, Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi. Àwa kò ní ọlọ́pàá tí yóò bá wa wọ yàrá. Òṣùwọ̀n ilé ni tiwa.

Àwa tí a ń wọn ọkà mọ̀ pé láìsí mudu, ìjà ni ọjà yóò dà. Kí bàbá àti ìyá fi ẹnu kò lórí iye àkókò, kí wọ́n sọ ọ́ fún ọmọ ṣáájú, kí wọ́n má sì yí i padà nítorí ẹkún. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kí gbogbo fóònù sùn ní yàrá àwọn òbí. Kí ọmọ tí kò tó ọdún kan má wo ojú ẹ̀rọ rárá. Kí á máa béèrè bóyá owó ni wọ́n fi ń gbá a ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ibẹ̀ ni tẹ́tẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí àwọn àmì mẹ́ta yẹn, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ má gbé pàṣán.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọdé gbọ́dọ̀ ní òmíràn láti fún un. Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ ìgbìmọ̀ wa pé, bí a ti ń kó owó gbọ̀ngàn yìí jọ, kí wọ́n yọ ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n mọ odi yí i ká. Kí bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, kí tẹ́níìsì orí tábìlì wà, kí ọpọ́n ayò wà lábẹ́ igi. Kí àwọn àgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì máa jókòó tì wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ọmọ sì máa gbọ́ èdè wa lẹ́nu wọn. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, a ti bá wọn gbé agbo ilé wá sí Jọ́ọ̀sì nìyẹn.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọwọ́ kan kọ́ ilé, kí a fi èkejì kọ́ ọmọ. Ẹ ná owó náà tọ̀yàyà-tọ̀yàyà, Ọlọ́run yóò dá a padà sí àpò yín. Àwọn ọmọ wa yóò yè, wọn yóò sì gbọ́n jù wá lọ.