Ẹ̀rọ Iná Tí Ń Dẹ Ìrora Iṣẹ́ Abẹ Eegun



Bí a bá lọ bẹ ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún wò, igbe ìrora ni a sábà ń bá. Ìrora kì í jẹ́ kí ó fẹ́ rìn, ẹsẹ̀ tí a kò bá sì nà yóò gan.

Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń lo bátìrì. Ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe orí ọgbẹ́. Iná rẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé eèrà ń rìn lára. Ẹni tí ó bá ti fọwọ́ kan òjìjí nínú odò mọ irú iná bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rọ yìí rọra. Ní ọdún 1965, Melzack àti Wall ṣàlàyé pé ohun kan bí ẹnu ọ̀nà wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn: bí ìfọwọ́kàn bá kún ibẹ̀, ìrora kì í rọrùn láti kọjá dé ọpọlọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fọwọ́ ra ibi tí a fi gbá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kì í to eegun, kì í sì í rọ́pò oògùn. Ẹlòmíràn a rí ìtura, ẹlòmíràn díẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí láyà nítorí ọkàn rẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó láìgba àṣẹ dókítà. Kí a má kàn rà á lọ́jà. Kí a kọ́kọ́ béèrè ní ọsibítù.

Bí ìrora bá dẹ̀, ẹ jẹ́ kí a dìde rìn. Ẹsẹ̀ ni a fi wá ṣòwò dé ilẹ̀ Hausa.