Ẹ kọ́ ọmọbìnrin yín bí a ṣe ń wọ́ inú



Bí inú bá ń run ọmọbìnrin yín nígbà nǹkan oṣù, tí kò lè lọ sí ilé ìwé, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ. Ilé ọmọ ló ń sún kì kí ẹ̀jẹ̀ lè jáde. Òun ló ń dùn ún.

Ìyá, kọ́ ọ báyìí. Kí ó dùbúlẹ̀, kí ó ká orúnkún. Kí ó fi òróró díẹ̀ ra ọwọ́, kí ó rọra máa wọ́ abẹ́ ìdodo yípo fún ìṣẹ́jú 10. Kí ó má tẹ̀ ẹ́ jù.

Bí ìrora bá ń le sí i lóṣooṣù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹni tó bá kà á, kó sọ fún aládùúgbò rẹ̀.