Alárinà Láàrin Ẹ̀rọ Rédíò àti Kọ̀ǹpútà

Atọ́kùn ètò yìí bi mí pé, bí kọ̀ǹpútà bá ti gba iṣẹ́ rédíò ṣe, kí ni ó tún kù fún ọmọ ènìyàn láti ṣe níbẹ̀? Èsì mi ni pé iṣẹ́ alárinà ló kù, iṣẹ́ náà kò sì kéré.

Nínú rédíò àtijọ́, wáyà àti irin inú rẹ̀ ni ó ń yan ilé-iṣẹ́ tí a fẹ́ gbọ́, àwọn náà ni ó sì ń yọ ohùn jáde láti inú ìgbì. Nínú irú èyí tí mo ń sọ, ẹ̀rọ kékeré kan ń gba ìgbì láti ojú afẹ́fẹ́, ó ń sọ ọ́ di òǹkà. Kọ̀ǹpútà ni ó wá ń fi ìṣirò yọ ohùn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú kan tí a ṣe fún wíwo tẹlifíṣàn lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí a fi RTL2832U ti ilé-iṣẹ́ Realtek ṣe. Ní ọdún 2012, Antti Palosaari, ọmọ ilẹ̀ Finland kan tí ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ṣàkíyèsí pé ẹ̀rọ yìí lè fi òǹkà ìgbì ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti gbà á, láì kọ́kọ́ sọ ọ́ di àwòrán. Bí ohun tí a ṣe fún ojú ṣe di etí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ètò tí ń ṣe ìṣirò, bí GNU Radio, kò gbọ́ èdè ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ mìíràn tún ní èdè tirẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń kọ ètò kékeré kan sí àárín wọn. Ètò ìṣirò a ní, "Lọ sí mẹ́gáhẹ́tíìsì 100, kí o sì wọn ìgbì ní ìgbà 2,400,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan." Alárinà a túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀rọ. Nígbà tí òǹkà bá ń bọ̀, wọn a máa wá ní méjì-méjì, láti 0 títí dé 255. Alárinà yóò yọ 127.5 kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi 127.5 pín èyí tí ó kù. Ẹni tí ó bá gbàgbé àtiyọ ọ́ yóò rí ìgbì gíga kan ní àárín gbùngbùn, èyí tí kò sí lójú afẹ́fẹ́ rárá.

Alárinà ìgbéyàwó a máa yẹ̀bá nígbà tí ojú bá ti mọjú. Tiwa yìí kò ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Bí ó bá purọ́ ńkọ́? Ìwọ̀n tí ẹ̀rọ yìí ń gbà ni 225,001 sí 300,000, tàbí 900,001 sí 3,200,000. Bí ètò bá béèrè 500,000, ẹ̀rọ yóò kọ̀. Alárinà tí kò mọṣẹ́ a dákẹ́, ẹ̀rọ a sì dúró lórí 1,000,000 tí a fún un tẹ́lẹ̀. Bí a bá gba ohùn sílẹ̀ báyìí, akéde yóò máa falẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì fi ọ̀sẹ̀ kan wá àṣìṣe nínú ìṣirò tí kò ní àbùkù. Mo ti bá irú rẹ̀ pàdé, n kò sì rẹ́rìn-ín.

Bákan náà, bí ètò bá fi ìkàwé falẹ̀, ibi tí alárinà ń kó òǹkà sí yóò kún, òmíràn yóò sì dànù. Kò gbọdọ̀ so orí mọ́ ìrù kí ó máa lọ. SoapySDR tilẹ̀ ní àmì àṣìṣe kan fún ìjẹ́wọ́ yìí gan-an.

Mo gbé ẹ̀rọ náà wá sórí tábìlì yìí pẹ̀lú alárinà tí mo kọ fún un. Ẹ jẹ́ kí n béèrè 500,000 lọ́wọ́ rẹ̀, kí a jọ ka èsì tí yóò fún wa.